Ọmọ mi fẹ́ kọ́ social anthropology, bàbá rẹ̀ ní lọ́ọ̀yà ni. Kí ni ó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Peckham ni à ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe A-level: History, English Literature àti Religious Studies. Lọ́ọ̀yà ni bàbá rẹ̀ fẹ́, ṣùgbọ́n òun ta kú pé social anthropology ni òun máa kọ́. Bàbá rẹ̀ ní sociology tí wọ́n yí lórúkọ padà ni, pé ẹ̀kọ́ tí òyìnbó fi ń wo aláwọ̀ dúdú bí ẹni ń wo ẹran inú ọgbà ni. Èmi ò mọ èwo ni kí n gbè sí. Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an? Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀? Kí ló yẹ ká wò ká tó yan yunifásítì?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀yà ló yá jù láti dáhùn, ẹ jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ní England àti Wales, kò pọn dandan kí ènìyàn kọ́ law ní yunifásítì kó tó di solicitor, ìyẹn lọ́ọ̀yà tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn, tó sì ń múra ìwé òfin. Láti ọdún 2021 ni SQE, ìdánwò tí wọ́n fi ń di solicitor, ti dé. Ẹni tó bá ti gba dìgírì, ohun yòówù kó kọ́, lè jókòó fún SQE1 àti SQE2, kó fi ọdún méjì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn amòfin, kí wọ́n sì yẹ ìwà rẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ di barrister, lọ́ọ̀yà tó ń rojọ́ ní kóòtù, ni yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ àfikún lórí òfin. Nítorí náà, anthropology kò dí ọ̀nà lọ́ọ̀yà mọ́ ọn. Ohun tó yẹ kí bàbá máa rò ni owó: ìdánwò SQE méjèèjì lé ní £4,500, ìyẹn ká má tíì ka owó ilé ẹ̀kọ́ tí yóò múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti sociology, bàbá kò jẹ̀bi pátápátá. Ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, abẹ́ ẹ̀ka kan náà ni wọ́n kó méjèèjì sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Benin. Ní Ìbàdàn, archaeology ni wọ́n so anthropology mọ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọ̀nà ìwádìí. Ẹni tó ń ṣe sociology sábà máa ń gbé ìbéèrè kan náà síwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó ka ìdáhùn wọn, kó wo ibi tó pọ̀ sí. Ẹni tó ń ṣe social anthropology á mú ìwọ̀nba ènìyàn, á lọ bá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ oṣù, á kọ́ èdè wọn, á bá wọn ṣiṣẹ́, á bá wọn ṣe òkú, á wá fi ohun tí wọ́n sọ wé ohun tí wọ́n ṣe. Bronisław Malinowski, ọmọ ilẹ̀ Poland, ló sọ èyí di ìlànà lẹ́yìn tó gbé ní erékùṣù Trobriand, ní Papua New Guinea, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. LSE (London School of Economics) níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti fi kọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e. Ìwé tó bá ti inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní ethnography, òun sì ni ọmọ yín yóò máa kà jù.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ dáadáa. Ká ní ènìyàn méjìlá ní Peckham ń dá èsúsú, £100 lóṣù. Lóṣooṣù, ẹnì kan á kó £1,200. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti yá owó láìsan èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn ló ti ń yá àwọn yòókù lówó láti oṣù kìíní, kò sì rí kọ́bọ̀ lé e. Títí débí, kò sí ohun tuntun. Anthropology á wá béèrè pé: ta ní ń pinnu ẹni tí yóò kó ṣáájú? Kí ló dé tí ẹni kejìlá fi gbà? Bí ẹnì kan bá kó tán tó pa fóònù, ta ni wọ́n ń lọ bá: ọlọ́pàá, pásítọ̀, àbí ìyá rẹ̀ ní Ṣàgámù? Kí ló dé tí ẹni tó ní báńkì mẹ́ta nínú fóònù ṣì ń dá a?

William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èsúsú Yorùbá ní 1952. Ní 1962, Clifford Geertz, tí ìwádìí tirẹ̀ jẹ́ ti Indonesia, kọ tirẹ̀ lórí irú ẹgbẹ́ báyìí káàkiri ayé. Ó ní àárín ọ̀nà ni wọ́n wà fún àwọn àgbẹ̀ tó ń di oníṣòwò, pé bí báńkì bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn yóò di ohun àtijọ́. Ní 1964, Shirley Ardener kó àpẹẹrẹ jọ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ó tún ìtumọ̀ ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ṣe, ó sì yẹ ọ̀rọ̀ Geertz wò dáadáa. Ọmọ yín á ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á wá wo Peckham, níbi tí àwọn ará Jamaica pàápàá ti ń dá tiwọn tí wọ́n ń pè ní pardner, á béèrè bóyá Geertz ló ṣì í, tàbí báńkì ni kò ṣe fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí ohun tí Geertz rò pé yóò ṣe. Ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí ti ìdáhùn rẹ̀ lẹ́yìn ti ń ṣe social anthropology nìyẹn. Kì í ṣe àkójọ àṣà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń há sórí.

Ní England, ọdún mẹ́ta ni, 120 credit lọ́dún, 360 lápapọ̀. Ọdún kìíní sábà máa ń jẹ́ ìpìlẹ̀: ìbátan àti ìdílé, ọrọ̀ ajé, ìṣèlú, ẹ̀sìn, àti ethnography mélòó kan tí wọ́n ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọdún kejì ni tíọ́rì àti ọ̀nà ìwádìí máa ń le jù. Ọdún kẹta ni yóò yan púpọ̀ fúnra rẹ̀ (ìṣègùn, òfin, Áfíríkà, ayé íntánẹ́ẹ̀tì), kó sì kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá tó máa ń tó 8,000 sí 10,000 ọ̀rọ̀. Ìjókòó nínú kíláàsì kò pọ̀: wákàtí bíi mẹ́jọ sí méjìlá lọ́sẹ̀. Ẹ má wò ó pé ọmọ ń sùn nílé. Kókó ẹ̀kọ́ mẹ́rin, àpilẹ̀kọ méjì tàbí mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé bíi ogún sí ọgbọ̀n: ó lè tó igba ojú ìwé lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kọsẹ̀, nítorí wọ́n ń kà á bí ìwé ìtàn, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, wọ́n á ti gbàgbé kí wọ́n tó dé sẹ́mínà. Kí ó ka ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ná. Kí ó wá ohun mẹ́ta: kí ni òǹkọ̀wé ń sọ, ta ni ó ń bá jiyàn, ẹ̀rí wo ló gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó wọ àárín ìwé, kó kọ ìdajì ojú ìwé sílẹ̀, kó fi nọ́ńbà ojú ìwé sí gbogbo ohun tó bá kọ. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà sí i yóò lo òru ọjọ́ tó fẹ́ fi àròkọ sílẹ̀ láti máa wá gbólóhùn kan ṣoṣo.

Máàkì náà lè ya òbí lẹ́nu. 70 ni First, 60 sí 69 ni 2:1, 50 sí 59 ni 2:2, 40 sí 49 ni Third. Òbí tó bá rí 66 máa ń béèrè ibi tí 34 yòókù wà. Ẹ má bá a jà, 66 dára gan-an. Ẹni tó ń gba 80 kò wọ́pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọdún kìíní kì í wọ inú máàkì ìparí, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo, kí ó ka ìwé ìlànà ẹ̀ka rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ máa ń kọ jù sí abẹ́ àròkọ tó gba 55 ni pé ó ń ròyìn, kò jiyàn. Ká ní ìbéèrè náà ni: ǹjẹ́ ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ wà? Ọmọ á kọ ohun tí Marcel Mauss, onímọ̀ ará Faransé, sọ ní 1925 nípa ẹ̀bùn tó ń mú ẹ̀san dání. Á kọ nípa kula, pàṣípààrọ̀ ẹ̀bùn ní Trobriand, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ṣe ń yí lọ sí apá kan láàárín àwọn erékùṣù, tí ẹ̀gbà apá ń yí lọ sí apá kejì. Á kọ ti ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ pé, kò sí irọ́ níbẹ̀, 55 ni. Èyí tó gba 68 á ti sọ ní ìpínrọ̀ kìíní ohun tó gbà gbọ́, bíi pé kì í ṣe ẹ̀bùn ló ń fi ipá múni san padà, ẹni tó lè dúró de ẹ̀san láìjìyà ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á fi ethnography méjì kojú ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Á sì mú àpẹẹrẹ kan tó tako òun fúnra rẹ̀ wá, kó tó di pé olùkọ́ mú un wá. English Literature tó ń ṣe yóò ràn án lọ́wọ́ níbí ju bí ó ṣe rò lọ.

Ewu kan wà tó jẹ́ ti àwọn ọmọ tiwa ní pàtàkì. Bí wọ́n bá débi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Yorùbá, ọkàn wọn á balẹ̀ pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní Òkukù fún ọdún mélòó kan, ó kọ́ èdè débi tó fi lè kọ odidi ìwé lórí oríkì, tó jáde ní 1991. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ ta yọ ni pé ó ń béèrè ohun tí onílé kì í béèrè mọ́: ta ni obìnrin yìí ń ki, ta ló ń gbọ́, kí ni ẹni tí wọ́n ń kì ń rí gbà níbẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sínú ilé Yorùbá ní èdè àti ojúlùmọ̀, ìrànlọ́wọ́ ńlá nìyẹn. Kò ní ìbéèrè náà ní ọ̀fẹ́ ṣá o.

Iṣẹ́ àṣekágbá ni gbogbo èyí ti ń hàn. “Àṣà Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù” kì í ṣe àkọ́lé, kò sí ibi tí yóò parí sí. “Bí ẹgbẹ́ èsúsú kan ṣe ń pinnu ẹni tí yóò kó ṣáájú” tó 10,000 ọ̀rọ̀ dáadáa. Ìparí ọdún kejì ló yẹ kó ti yan kókó, kó bá olùkọ́ tí yóò máa tọ́ ọ sọ̀rọ̀, kó sì kún fọ́ọ̀mù ethics, èyí tí yunifásítì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ìwádìí náà kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn, kò gbọdọ̀ fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò fún iṣẹ́ náà. Ohun tó bá kó jọ ṣáájú kò ní ṣeé lò, ó sì lè fa ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn máa ń tó fún ìwádìí fúnra rẹ̀, bí kò bá fi ìkọ̀wé falẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, nítorí bí ilẹ̀ bá mọ́, ohun tí yóò rántí ni ohun tó ti fẹ́ rí tẹ́lẹ̀. Wákàtí kan tó bá gbà sórí fóònù á gbà á tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ni pé ènìyàn mẹ́wàá ti gba ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó kọ ìtumọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ mọyì rẹ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ jù ni kí gbogbo ìwádìí jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí ó bá bi wọ́n, gbogbo ẹgbẹ́ á ní àwọn kì í jà lórí ẹni tí yóò kó. Bí ó bá jókòó sí ìpàdé mẹ́ta, tó ń bá wọn pín omi, tó ń ka owó pẹ̀lú wọn, á rí ẹni tó fajú ro, á rí ẹni tó gbé ìwé owó ilé ìwé ọmọ wá kí wọ́n lè fi í ṣáájú. Ìṣòro kejì ni pípa orúkọ mọ́. Ní Peckham, kí ó yí orúkọ padà kò tó. “Ìyá ìjọ tó ń ta ẹja lórí Rye Lane” ti tó kí gbogbo àdúgbò mọ ẹni náà. Kí ó yí iṣẹ́ padà, kó yí ìjọ padà, kó da ènìyàn méjì pọ̀ bí olùkọ́ bá gbà á láyè. Iye owó tí ẹnì kan kó kò gbọdọ̀ bá a lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé rẹ̀ rárá, kódà bí ẹni náà bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú WhatsApp ẹgbẹ́, tí ẹ̀yin bá fi í sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ yín, kì í ṣe tirẹ̀ láti lò láìgba àṣẹ wọn. Kí ó sì rántí pé ohun tí wọn yóò fi hàn án ni ohun tí wọ́n lè fi han ọmọ yín. Kó kọ ìyẹn náà sínú ìwé, nítorí apá kan lára ẹ̀rí ni.

Ọ̀rọ̀ ẹran inú ọgbà ńkọ́? Bàbá ní ìdí. E. E. Evans-Pritchard, onímọ̀ anthropology ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí láàárín àwọn ẹ̀yà Nuer nítorí pé ìjọba amúnisìn ní Sudan ló rán an. Àmọ́ àwọn onímọ̀ anthropology fúnra wọn ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò tipẹ́: Talal Asad ṣe olóòtú ìwé kan lórí anthropology àti ìjọba amúnisìn ní 1973, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló sì máa ń kọ́ni ní irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú náà kò sì jókòó kí wọ́n máa wo àwọn nìkan. Jomo Kenyatta, tó padà di ààrẹ Kenya, kọ́ lábẹ́ Malinowski ní LSE, ó kọ nípa àwọn ẹ̀yà Gikuyu tirẹ̀ ní 1938. Nathaniel Fadipe, ọmọ Yorùbá, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 lórí àwùjọ Yorùbá. Ó kú ní 1944, Ibadan University Press kò tẹ iṣẹ́ náà jáde títí di 1970. Ó ṣì wúlò gan-an lórí ìdílé àti ìbátan. Ní ẹ̀bá ilé yín, ní Forest Hill, ni Horniman Museum wà, tí anthropology jẹ́ apá ńlá lára rẹ̀. Ní 2022, wọ́n dá ẹ̀tọ́ níní ohun 72 tí wọ́n kó ní Benin padà fún Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni àtiwọ ibi àfihàn náà. Kí bàbá àti ọmọ jọ lọ, kí wọ́n jọ jiyàn níbẹ̀. Ó sàn ju yàrá ìjẹun lọ.

Ní ti yíyan ilé ẹ̀kọ́, ẹ má wo orúkọ nìkan. Níbi tí wọ́n bá ti kọ “Anthropology” lásán, bíi UCL àti Durham, ọmọ á tún pàdé ìmọ̀ nípa ara ẹ̀dá, ìnàkí àti bí ènìyàn ṣe dá sáyé. LSE, SOAS, Manchester àti Edinburgh ni “social” ti gba iwájú. Oxford kò ní social anthropology nìkan fún dìgírì àkọ́kọ́, archaeology ni wọ́n so mọ́ ọn. Cambridge fi í sínú HSPS (Human, Social and Political Sciences), níbi tí ọdún kìíní á ti da ìṣèlú àti sociology pọ̀ mọ́ ọn. Ní Scotland, ọdún mẹ́rin ni, MA ni wọ́n sì máa ń pè é ní Edinburgh àti St Andrews. Dìgírì àkọ́kọ́ ni, ẹ má rò pé wọ́n ti fún un ní oyè kejì. Àǹfààní ọdún kẹrin ni pé ó lè gbìyànjú ẹ̀kọ́ mìíràn ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀yin lẹ ó san owó ọdún kan sí i. Kí ó ṣí ojú ewé kókó ẹ̀kọ́ ọdún kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kó wo bóyá iṣẹ́ àṣekágbá pọn dandan, bóyá ó lè ṣe ìwádìí pápá fún un, àti bóyá ẹni tó mọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà láàárín àwọn olùkọ́. Kò sí ẹ̀kọ́ A-level kan pàtó tí púpọ̀ wọn ń béèrè. Mẹ́ta tó ń ṣe yẹn dára.

Ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún ló lè yàn lórí UCAS, ìkànnì tí wọ́n fi ń béèrè fún àyè yunifásítì ní UK. Fún Oxford àti Cambridge, àárín oṣù kẹwàá ni wọ́n ń tì í. Fún ìyókù, oṣù kìíní. Láti ìgbaniwọlé 2026, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n pín ọ̀rọ̀ tó máa kọ nípa ara rẹ̀ sí: ìdí tó fi fẹ́ ẹ̀kọ́ náà, bí ohun tó ń kọ́ ṣe múra rẹ̀ sílẹ̀, ohun mìíràn tó ti ṣe níta. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 4,000 lọ, òfìfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní 350. Gbólóhùn “mo fẹ́ràn àṣà láti kékeré” kò wúlò níbẹ̀. Kí ó ka ethnography kan ṣoṣo dáadáa, kó sọ ibi tí òun kò ti gbà.

Iṣẹ́ wà, àmọ́ kò sí èyí tí wọ́n kọ “anthropologist nìkan” sí lára púpọ̀. Ìjọba àpapọ̀, káńsù, NHS, àwọn àjọ aláàánú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àti iṣẹ́ user research, níbi tí wọ́n ti ń jókòó ti àwọn tó ń lo ìkànnì tàbí áàpù láti wo ibi tó ti ń dà wọ́n láàmú. Ìyẹn sún mọ́ ohun tó kọ́ jù. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ló ṣòro díẹ̀, nítorí wọn kì í kọ́ anthropology níbẹ̀. Á ní láti fi Religious Studies tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn wọlé. Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ń wo 2:1 àti ohun tó ti ṣe ní àkókò ìsinmi ju orúkọ dìgírì lọ.

Owó ilé ìwé fún ọmọ ilé (home student) ní England jẹ́ £9,535 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26. Ẹni tó bá yá a, 9% nínú ohun tó bá lé ní £25,000 lọ́dún ni yóò máa san: bí ó bá ń gba £30,000, £450 lọ́dún nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún 40, wọ́n á pa ìyókù rẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé tiwa ti ń kó sí wàhálà ni ẹni tí wọ́n ń kà sí ọmọ ilé. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélùú tí kò lópin tàbí ìwé ọmọ onílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ẹ̀kọ́, kó sì ti fi UK ṣe ibùgbé fún ọdún mẹ́ta gbáko ṣáájú. Ọmọ tí ẹ bí síbí tí ẹ rán lọ sí boarding school ní Ìjẹ̀bú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, lè rí ìwé owó àlejò gbà, pásípọ́ọ̀tù UK rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò tíì ní ìwé tí kò lópin ṣì lè wọ ipò ọmọ ilé bí kò bá tíì pé 18 ní ọjọ́ kìíní ẹ̀kọ́ tó sì ti gbé níbí fún ọdún méje ṣáájú, tàbí fún ìdajì ọjọ́ orí rẹ̀ bí ó bá ti pé 18, pẹ̀lú ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn lábẹ́ òfin láìjákulẹ̀. UKCISA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ní UK, ní àlàyé ọ̀fẹ́ lórí rẹ̀. Bí yunifásítì bá pè é ní àlejò tí ẹ rò pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi lẹ́tà ilé ìwé, ti dókítà àti ti Home Office ránṣẹ́ kí ó tó gba àyè náà, nítorí bí ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àyípadà á le gan-an.